Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹni tó ń náwó ju agbára rẹ̀ lọ ni àwọn àgbà sábà máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí: eku ti mọ bí òun ṣe tóbi tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko jọ. Ìwọ̀n ló ṣáájú. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì aerobics ní yunifásítì, ìtẹ́ la ń kọ́kọ́ kọ́: olùkọ́ á tan orin, á máa kà sókè, gbogbo ọmọ á sì máa fò bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ìgboro Ìbàdàn. Ọ̀kan ń gbé Bẹ́yẹrúnkà, ó ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sí Ọjà'ba, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Màpó. Ìkejì ń gbé Bẹẹrẹ. Ọ̀kadà ń gbé e lẹ́nu ọ̀nà, bó bá sì délé, ó di ìjókòó. Ọmọ ọdún 19 ni àwọn méjèèjì, ara wọn sì rí bákan náà lójú. Eré tí yóò mú kí èkejì máa mí hẹlẹhẹlẹ lè má mú òógùn jáde lára ti àkọ́kọ́. Ta ni yóò mọ̀, bí a kò bá dán wọn wò?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lucien Brouha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé ìdánwò àtẹ̀gùn jáde ní 1943: àpótí gíga ínǹṣì 20, kéèyàn gùn ún kó sì sọ̀kalẹ̀ ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, títí di ìṣẹ́jú 5. Àwọn géńdé ọkùnrin ni wọ́n fi àpótí yẹn wọ̀n. Ọmọbìnrin tí kò ga, orúnkún ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró, kì í ṣe ọkàn. Ìdánwò pàápàá gbọ́dọ̀ bá ẹni mu. Èyí tí wọ́n ń pè ní Queens College ni mo fara mọ́: ínǹṣì 16 àti díẹ̀, ìṣẹ́jú 3 péré, ìgbà 22 ní ìṣẹ́jú kan fún obìnrin, 24 fún ọkùnrin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáwọ́ dúró, yóò wà lórí ìdúró, wọn yóò fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọn yóò ka lílù ọkàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, wọn yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po 4. Bí ọ̀kan bá ní 35, 140 nìyẹn. Bí èkejì bá ní 45, ó di 180. Olùkọ́ ti mọ ẹni tí yóò máa rìn lójú kan àti ẹni tó lè máa fò.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gun àpótí rárá, kí a bi wọ́n léèrè ikọ́ fée, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ́ńótáìpù. Ẹni tó bá jẹ́ SS nílò omi àti ìsinmi lóòrèkóòrè. Àṣejù eré lè dá ìrora sílẹ̀ fún un.

Máàkì kọ́ ni ìdánwò yìí wà fún, a kò sì gbọdọ̀ lẹ èsì ẹnikẹ́ni mọ́ ògiri. Kí a tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí lílù ọkàn ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá rọlẹ̀, kíláàsì ló yẹ ká tún tò, kì í ṣe àwọn ọmọ ló yẹ ká bú.

Ẹ̀ka Human Kinetics wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí Queens College náà kí sáà tó wọlé, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò.