Bí Oníṣẹ́ Abẹ Ṣe Ń Rí Ọ̀nà Nínú Eegun Ẹ̀yìn

Ìtàn tí mo mú wá kan àwọn èèyàn wa tó ń ta ilẹ̀ nítorí àtilọ ṣe “laser” ẹ̀yìn ní òkè òkun.

Nílé wa, bí ẹ̀yìn bá ń ro èèyàn, a ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí làkúrègbé. Ní 1934, Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Boston, Amẹ́ríkà, fi hàn pé ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì lè yọ jáde, kí ó tẹ iṣan, kí ìrora sì gba itan dé ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ rìn gan-an ni abẹ ń gbà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń la ẹ̀yìn gbòòrò kí wọ́n lè fojú rí i.

X-ray tí Röntgen ṣàwárí ní Jámánì ní 1895 ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n òjìji ló ń fi hàn, eegun iwájú àti ti ẹ̀yìn a sì gorí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe rí nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn ní 1962. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ní 1971 ni wọ́n fi ẹ̀rọ CT ti Godfrey Hounsfield ya ọpọlọ aláìsàn àkọ́kọ́ ní London. Odeku kú ní 1974. Ká ní ẹ̀rọ náà bá a dáadáa ni!

Ní 1986, ní Graz, ní Austria, Ascher àti Choy ki abẹ́rẹ́ gba awọ ara wọ inú ohun rírọ̀ yẹn, wọ́n gba inú rẹ̀ tan laser, ó sì sun díẹ̀ níbẹ̀ kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè dínkù. Ihò náà kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n laser kò lójú o.

Kọ̀ǹpútà ló fún iṣẹ́ náà lójú. Ní 1995, Nolte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bern, ní Switzerland, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí bí a ṣe lè fi kọ̀ǹpútà tọ́ skúrù irin sínú eegun ẹ̀yìn. Wọ́n á de irin kékeré kan mọ́ eegun aláìsàn. Kámẹ́rà á máa ṣọ́ irin yẹn àti irinṣẹ́ dókítà, kọ̀ǹpútà á sì máa fi ibi tí orí irinṣẹ́ dé hàn lórí àwòrán CT. Bí ẹnikẹ́ni bá fara gbún irin tí wọ́n dè náà, àwòrán ti ń purọ́ nìyẹn. Àfi kí wọ́n tún un tò.

Èyí ni mo kà sí ìlọsíwájú ńlá, ju laser fúnra rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ìrora yìí a máa rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìfi abẹ kàn án. Èyí tó sì ti já bọ́ kúrò láyè rẹ̀ pátápátá, abẹ́rẹ́ laser kò ká a. Ọwọ́ dókítà ni yóò yọ ọ́.