Láti Èbúté dé Ibùsọ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Ojú Irin Àárín Ìlú ní Èkó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti Erínjẹ, ìlú mi ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, omi ni ọ̀nà Èkó ní ayé àwọn baba ńlá wa: wọn a tukọ̀ gba ojú ọ̀sà kọjá Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni títì dé. Ojú irin kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wa títí di òní. Nítorí náà, bí ará ilẹ̀ wa bá dé ibùsọ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Èkó, á rò pé àlejò pátápátá ni òun. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé kò rí bẹ́ẹ̀: èdè omi ni Yorùbá fi sọ ọkọ̀ ojú irin di tirẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ọkọ̀. Ohun tí a fi igi gbẹ́, tí a ń tù lórí omi, ni a kọ́kọ́ fi ń pè. Nígbà tí àwọn òyìnbó kó ohun ìrìnnà tuntun dé, a kò wá orúkọ mìíràn lọ. Ibi tí ó ń gbà ni a fi kún un: ọkọ̀ ilẹ̀, ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1896, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó. Ní 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Níbo ni olú ilé iṣẹ́ rélùwéè sì fìdí kalẹ̀ sí? Èbúté Mẹ́ta ni. Ibi tí ọkọ̀ omi ti ń gúnlẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin bá orúkọ rẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó ni. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ooru omi ń wà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter láti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó. Ní 1933, ó kógbá sílé. Fún àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin kankan kò gbé èrò wọ Erékùṣù mọ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò gbìyànjú. Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, dáwọ́ lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú. Àwọn ológun gbàjọba ní òpin 1983. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ní ọjọ́ 24, oṣù kìn-ín-ní, 2023, Buhari kan náà, tí ó ti di ààrẹ alágbádá, ni ó ṣí ọ̀nà aláwọ̀ búlúù láti Marina dé Mile 2. Jakande ti papò dà ní 2021. Kò fojú rí i. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, 2023, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ọ̀nà aláwọ̀ pupa, láti Agbado dé Oyingbo, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá, 2024.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe na owó sí ẹnikẹ́ni. Káàdì ni a fi ń san owó ọkọ̀: ẹ ó fi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó sì tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Cowry ni wọ́n ń pe káàdì náà, èyí tí í ṣe owó ẹyọ, tí àwọn baba wa ń kà ní ọ̀kẹ́ ọ̀kẹ́. Káàdì kan náà ni a fi ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi ìjọba. Omi àti irin tún pàdé nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ibùsọ̀ ni ibi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni Bíbélì Yorùbá lò fún máìlì. Nítorí náà, Mile 2 kò ju Ibùsọ̀ Kejì lọ! Marina sì ní orúkọ tí àwọn àgbà Èkó ń pè é: Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì. Mushin tí a ń kọ bẹ́ẹ̀ ni Múṣin, tí àwọn onílé ń sọ pé ó tọ́ka sí èso ìṣin. Àgbàdo tí a ń jẹ ni ó wà nínú orúkọ Agbado, ṣùgbọ́n láìsí àmì ohùn, báwo ni àlejò yóò ṣe mọ̀ ọ́n pè?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán ni èyí. Orúkọ tí a kọ sí ara ògiri ibùsọ̀ ni ọmọdé tí ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ yóò dàgbà bá. Bí a kò bá kọ Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì síbì kankan, láìpẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ti jẹ́ orúkọ rí. Kí a fi orúkọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn, sí abẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì kò nira rárá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá tún wọkọ̀ níbẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè orúkọ ibi tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ire o.