Ogún tí ìjà dé bá, ṣé ogún ṣì ni?

Amẹ́ríkà ni ìtàn tòní ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ kí ẹni tó ní ogún pín tẹ́tí.

Lọ́dún 1931, màmá kan tó ń jẹ́ Mary Longyear kú ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Nínú ìwé ìhágún wọn, ìba díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Èyí tó kù, wọ́n ní kí wọ́n máa fi tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbésí ayé Mary Baker Eddy. Ẹbí kọ̀, wọ́n ní orí màmá ò pé mọ́ nígbà tí wọ́n kọ ọ́. Nígbẹ̀yìn, wọ́n jókòó, wọ́n yanjú ẹ̀.

Lọ́dún 1933, ọmọ-ọmọ kan, Lyeth, gba ohun tó lé ní 141,000 dọ́là. Lábẹ́ òfin wọn, ẹni tó jogún kì í san owó orí lórí ẹ̀ bí owó tó wọlé. Ṣùgbọ́n agbowó-orí ní èyí kì í ṣe ogún, àdéhùn ló fi gbà á. Lyeth san án, ó wá pẹjọ́ kó lè gbà á padà. Ó jàre, ó tún jẹ̀bi ní kòtẹ́milọ́rùn.

Ní December 1938, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre. Kí ló gbé e dé ìdí àdéhùn? Ṣebí torí pé àrólé ni. Àdéhùn kàn parí ìjà ni, kò sọ ogún di nǹkan mìíì.

Àmọ́ o, tó bá jẹ́ owó iṣẹ́ tí olóògbé jẹ ọ́ lò ń jà fún, owó orí ń bẹ níbẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ìlàjà, ẹ jẹ́ kí ìdí tí owó fi tọ́ sí yín hàn nínú ẹ̀.