Òfin ìmúra ní ilé ìtajà: Ohun tó yẹ kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ mọ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Kò sí oníṣòwò tó mọ ohun tó ń ṣe tí kò mọ̀ pé bí òṣìṣẹ́ òun bá ṣe múra ni oníbàárà yóò ṣe fojú wo ọjà òun. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ìtajà ìgbàlódé, láti Sábó àti Ògòlóńtò ní Ìkòròdú títí dé Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́, fi máa ń ní òfin nípa aṣọ, bàtà àti irun àwọn tó ń bá wọn tajà. Kò sí ohun tó burú nínú irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni òfin tí wọ́n ń fi mú Táyé, tí wọn kì í fi í mú Kẹ́hìndé.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ọ̀rọ̀ aṣọ lásán. Owó oṣù lè bá a lọ, iṣẹ́ lè bá a lọ, iyì èèyàn náà lè bá a lọ pẹ̀lú. Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ni méjèèjì: LASUSTECH wà ní Ìkòròdú, LASUED sì ní ọgbà ní Nọ́fọríjà ní Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà, ọ̀dọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà lára àwọn tó ń wá iṣẹ́ ilé ìtajà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì tíì ṣiṣẹ́ oṣù rí. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò rò pé gbogbo ohun tí máníjà bá ti sọ ni òfin.

KÍ NI ÒFIN ÌMÚRA WÀ FÚN?

Òfin ìmúra ni ìlànà tí ilé-iṣẹ́ fi lélẹ̀ nípa bí òṣìṣẹ́ yóò ṣe rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó lè jẹ mọ́ yunifọ́ọ̀mù, káàdì ìdánimọ̀, bàtà, irun, èékánná, yẹtí, tàbí ìmọ́tótó ara. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí aṣọ ẹbí náà kò ju pé kí á lè dá ara wa mọ̀ láàárín èrò.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Oníbàárà yóò mọ ẹni tí òun lè bi léèrè iye tí wọ́n ń ta mílíìkì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò mọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ yàrá tí wọ́n ń kó ọjà sí. Ní ibi tí wọ́n ti ń gé ẹran tàbí tí wọ́n ti ń di búrẹ́dì, ìbòrí àti èékánná kúkúrú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera. Ọ̀gá tó bá ṣe òfin nítorí ìdí wọ̀nyí kò ṣe àṣejù.

BÍ ÒFIN KAN ṢE Ń NÍ OJÚ MÉJÌ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi òfin náà múni. Ojúsàájú máa ń gba oríṣiríṣi ọ̀nà wọlé.

Èkíní ni ti ẹbí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Nínú ilé, òwe yẹn dára. Lẹ́nu iṣẹ́, ó lè da gbogbo nǹkan rú. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá bá wọ sálúbàtà wá síbi iṣẹ́ tí ẹnì kankan kò bi í, tí wọ́n sì dá ẹlòmíràn padà sílé nítorí sálúbàtà kan náà, gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò mọ̀ pé bàtà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀.

Èkejì ni ti alábòójútó. Ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ òwúrọ̀ lè mójú kúrò lára irun aláràbarà, kí ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sán sọ ọ́ di ẹjọ́. Bákan náà ni ti ẹ̀ka ilé ìtajà: ohun tí wọ́n gbà láyè ní ẹ̀ka kan lè di èèwọ̀ ní ẹ̀ka kejì, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni ti òfin tó ń sùn. Oṣù mẹ́ta lè kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, àfi ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà bá ń bọ̀ láti Èkó. Òfin tó bá sùn pẹ́, òṣìṣẹ́ yóò rò pé ó ti kú. Bí wọ́n bá wá jí i lójijì, tó sì jẹ́ orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè owó àfikún iṣẹ́ ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí, kò sí ẹni tí yóò gbà pé kì í ṣe ẹ̀san.

Ẹ̀kẹrin ni ti akọ àti abo. Wọ́n lè máa wo gígùn síkẹ́ẹ̀tì obìnrin lójoojúmọ́, kí wọ́n má rí ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí kò rí áyọ́ọ̀nù láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀karùn-ún, èyí tó sì gbóná jù, ni ti ẹ̀sìn.

ÌTANRÀN KÌ Í ṢE OWÓ OFÒ

Ìyà tó sábà máa ń dé bá ẹni tí wọ́n bá ní ó rú òfin ìmúra ni kí wọ́n yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Níbí ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ̀rọ̀ tó ṣe kedere. Abala 5 nínú Òfin Òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Labour Act, kọ̀ ọ́ fún agbanisíṣẹ́ láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́, tàbí láti bá òṣìṣẹ́ ṣe àdéhùn pé òun yóò máa yọ ọ́, àfi ibi tí òfin bá ti dìídì fàyè gbà á. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà fa àdánù, wọ́n lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n aláṣẹ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé. Ìtanràn nítorí aṣọ kì í ṣe àdánù báyìí. Nítorí náà, pé òṣìṣẹ́ buwọ́ lu ìwé tí wọ́n kọ ìtanràn sí kò sọ ọ́ di ohun tó bófin mu.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó. Òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2024 fi owó oṣù tó kéré jù lọ sí 70,000 náírà. Bí wọ́n bá bu ìtanràn 2,000 náírà lé ẹni tó ń gba iye yìí lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù, 6,000 náírà ti lọ. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, èyí ju owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ. Ẹ sì rántí pé òfin owó oṣù yìí kò kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lè máa gba iye tó kéré sí èyí, kí ìtanràn kan náà sì dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin Òṣìṣẹ́ yìí wà fún àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Kì í ṣe ti máníjà.

Abala 7 nínú òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, tó fi mọ́ àwọn àdéhùn àkànṣe. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí òfin ìmúra wà. Ní ti ìdádúró, abala 11 sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tó tọ́ sí òṣìṣẹ́: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌBÒRÍ, ÀGBÉLÉBÙÚ ÀTI ÌLẸ̀KẸ̀

Mùsùlùmí, Kristẹni àti oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń gbé ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá láti Èkó ní 1851 wà lára àwọn tí Ìsìláàmù fi fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní irú ìlú báyìí, ilé ìtajà tó bá ní kí obìnrin ṣí ìbòrí rẹ̀, tó sì fi ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó so àgbélébùú mọ́rùn sílẹ̀, tàbí tó gba méjèèjì láyè tó wá ní kí ẹlòmíràn já ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ń fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjà wọlé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé-ìwé ìjọba ni ẹjọ́ yẹn dá lé, kì í ṣe ilé ìtajà aládàáni. Síbẹ̀, ilé ìtajà náà ní ibi tí wọ́n ti lè pè é lẹ́jọ́. Láti ọdún 2011, lẹ́yìn àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa, National Industrial Court ló ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àti ti ìwà àìtọ́ sí òṣìṣẹ́. Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé kọkànléláàádọ́fà ti àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, láti ọdún 2002. Ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí jíjẹ́ akọ tàbí abo.

BÓ ṢE RÍ LÓKÈ ÒKUN

Ní Amẹ́ríkà, ilé ìtajà aṣọ Abercrombie & Fitch kọ̀ láti gba ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan síṣẹ́ ní ìlú Tulsa ní 2008, nítorí pé ìbòrí rẹ̀ kò bá òfin ìmúra wọn mu. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2015, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí.

Ti Jámánì ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ojúsàájú jù. Ilé ìtajà Müller ní kí obìnrin kan tó ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà má lo ohun ìdánimọ̀ ẹ̀sìn tó tóbi tó sì hàn gbangba. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ àjọ ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé òfin tó bá kan àwọn ohun ńlá nìkan lè jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ gbangba, nítorí pé ìbòrí yóò máa lu òfin náà nígbà gbogbo, nígbà tí ohun kékeré yóò máa yọ. Ilé-ẹjọ́ náà fi kún un pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ẹ̀sìn má hàn lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ìlànà kan náà mú gbogbo èèyàn láìyẹsẹ̀. Ìdájọ́ wọ̀nyí kò de Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú wọn kò nílò físà.

OHUN TÓ YẸ KÍ ỌLỌ́JÀ ṢE

Òfin tó dára kì í gùn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tó yé òṣìṣẹ́. Kí wọ́n sọ ìdí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi wà níbẹ̀. Kí wọ́n sọ ẹni tí yóò ra yunifọ́ọ̀mù àti iye tí òṣìṣẹ́ yóò gbà. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀wù kan ṣoṣo kò lè mọ́ tónítóní ní ọjọ́ mẹ́fà. Kí ìkìlọ̀ ẹnu ṣáájú ìkìlọ̀ ìwé, kí ìwé sì ṣáájú ìdádúró. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bá kìlọ̀ fún sínú ìwé kan, nítorí ìwé yẹn ni yóò fi hàn bóyá apá kan ni wọ́n ń bá wí. Bí òfin bá sì ti sùn, kí wọ́n kéde pé yóò tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dá ọjọ́, kí ó tó mú ẹnikẹ́ni.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÒṢÌṢẸ́ ṢE

Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ tẹ̀ lé òfin tó bá lè tẹ̀ lé, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ni ẹnu rẹ̀ ń gbà á láti sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró nítorí ohun tí kò mọ̀, kí ó fi ọ̀wọ̀ béèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n kọ òfin yìí sí, kí n lè máa tẹ̀ lé e?” Kí ó kọ ọjọ́, àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì tọ́jú gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún un.

Bí wọ́n bá yọ owó rẹ̀, ó lè kọ ìwé sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń bá ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ parí ìjà láìgba kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, tí wọ́n ń pè ní NUSDE, wà pẹ̀lú, abala 9 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ kò sì gba agbanisíṣẹ́ láyè láti lé èèyàn nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́.

Àparò kan kò ga ju ọ̀kan lọ, àfi èyí tó bá gun orí ebè. Nínú ilé ìtajà, òfin gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí gbogbo èèyàn jọ dúró lé. Ọ̀gá tó bá kọ ebè fún àwọn kan gun lé kò gbọ́dọ̀ bínú bí àwọn tó kù kò bá ka òfin rẹ̀ sí mọ́.