Oògùn Mẹ́rin fún Jẹjẹrẹ Kan: Ta Ló Lè Gbà Á?

Ìtàn kẹ́mò ni mo gbé dé lónìí.

Ọ̀dọ̀ ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn dókítà rí i pé oògùn kan ṣoṣo kì í ká a, ni wọ́n bá pò ó mọ́ òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Emil Frei àti Emil Freireich l'Ámẹ́ríkà (Emil méjì!) gbé ọgbọ́n yìí dé ìdí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé: oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ kan yè, wọ́n sì dàgbà.

Jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara kékeré tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, kò gbọ́ràn bẹ́ẹ̀. Láti 1997, gemcitabine nìkan ni wọ́n gbójú lé. Ní 2011, Thierry Conroy àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé gbé FOLFIRINOX jáde, oògùn mẹ́rin tí wọ́n pò pọ̀. Aláìsàn 342 tí àrùn wọn ti tàn ká ni wọ́n fi wé ara wọn. Ìdajì àwọn tó gba mẹ́rin lò ju oṣù 11 lọ láyé. Ìdajì àwọn tó gba gemcitabine nìkan kò lò tó oṣù 7. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń retí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n gbà wọlé? Ẹni tó bá ti ju ọdún 75 lọ, rárá. Ẹni tí kò lè dá rìn, rárá. Ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n gan-an, rárá.

Ẹ wá mú bàbá kan l'Ọ́kà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ara ń yún un. Ibà pọ́njú la máa pè é nílé, àgbo á sì bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ̀dọ̀ ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà míì, kókó inú pancreas ló dí ọ̀nà òróòro. Kó tó dé Ìkàrẹ́, kí wọ́n tó darí ẹ̀ sí Ọ̀wọ̀ tàbí UCH n'Íbàdàn, ó ti rù kan egungun.

Wọ́n á kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí òróòro á fi ṣàn. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń gba FOLFIRINOX, wákàtí 46 sì ni apá kan rẹ̀ fi ń kán wọ ara. Ẹ fi ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ìbàdàn kún un, ẹ fi owó kún un. Dókítà lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì lè padà sórí gemcitabine nìkan. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ fi díwọ̀n kò nílò ẹ̀rọ kankan: “Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń dìde wẹ̀ fúnra yín?”