Ẹ má fi ẹ̀tù inú katiríìjì yin ṣakabùlà

Ẹ̀yin ará wa ní Kasarawa àti káàkiri Sókótó, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì ní ìbọn ṣakabùlà bàbá tàbí bàbá-ńlá nílé. Tí a bá lọ sílé fún ọdún Ògún tàbí ìsìnkú ọdẹ, òun la máa ń yìn. Tí ẹ̀tù bá wọ́n, ẹnì kan á ní ká tú katiríìjì, ká fi ẹ̀tù inú rẹ̀ dípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹ̀tù wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. Nínú ìdá 100 ẹ̀tù dúdú, nǹkan bí 75 jẹ́ saltpetre, èédú 15, imí ọjọ́ 10. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín ni èkejì. Paul Vieille ló ṣe irú èyí tí ìbọn ológun ń lò, ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1884: òwú tí wọ́n fi ásíìdì sọ di ẹ̀tù. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ katiríìjì òde òní. Agbára rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú. Bí a bá sì ṣe há a mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára jó tó.

Ṣakabùlà ò lè gbà á. Irin rẹ̀ rọ̀, ìpẹtà ti jẹ òmíràn nínú, ojú la sì fi ń wọn ẹ̀tù rẹ̀. Tí ọ̀pá ìbọn bá bẹ́, ọwọ́ àti ojú ẹni tó yìn ín ló máa kọ́kọ́ bá.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní nǹkan bí ọdún 1864, Schultze ará Jámánì fi igi ṣe ẹ̀tù ìbọn ọdẹ tí wọ́n ń wọ̀n bíi ti ẹ̀tù dúdú. Nígbà tó yá, irú mìíràn tó lágbára jù ú lọ dé. Àwọn òyìnbó tó wọn èyí bíi ti tẹ́lẹ̀ fọ́ ìbọn wọn.

Ẹ má sọ pé “díẹ̀ ni mo fi sí i”, ẹ má sì pò ó mọ́ ẹ̀tù dúdú. Àwọ̀ ò lè sọ irú ẹ̀tù tó jẹ́. Tí kò bá sí ẹ̀tù dúdú, ẹ fi ìlù àti ìjálá ṣe é.

Ẹ rántí pé òfin ìbọn ọdún 1959 kan ṣakabùlà náà: ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ má dì í mọ́ ẹrù padà sí Sókótó. Àwọn àgbà ní bí ìbọn ní apátí, bí kò ní, ta ni jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?