Ẹṣin Iwájú Ṣubú, Ti Ẹ̀yìn Ò Dúró

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹnu àgbà la ti sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tó bá ń kìlọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ìwà hù, ojú ọmọdé wà lára wọn. Ẹnikẹ́ni kì í sì í béèrè pé, bí ẹṣin iwájú bá wá ṣubú ńkọ́? Òwe mìíràn ló ti pèsè ìdáhùn yẹn sílẹ̀ dè wá: ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Létí wa, òwe méjèèjì ò takora. Ẹ̀yìn ń wo iwájú. Bí iwájú bá jìn, ẹ̀yìn á yà.

Láàárín àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìje, òwe méjèèjì yìí wọ̀yá ìjà. Fíìmù Road, tí Michael Hewitt àti Diarmuid Lavery ṣe ní 2014, ni mo ti rí ìjà náà kedere jù. Ìtàn ìdílé Dunlop ará Ballymoney ní Northern Ireland ni, àwọn ènìyàn gidi ló wà nínú rẹ̀, kò sí òṣèré kankan tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni wọ́n. Liam Neeson ló ń ròyìn. Ballymena tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n sì ti bí i, ohùn ọmọ àdúgbò ló fi ń sọ ọ́.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ọ̀nà tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀. Títì tí ará ìlú ń gbà lọ sọ́jà lójoojúmọ́ ni. Wọn á tì í fún wákàtí díẹ̀, alùpùpù á gorí rẹ̀, bó bá di alẹ́ ọkọ̀ á tún máa gbabẹ̀. Ní ìdíje North West 200, láàárín Portstewart, Coleraine àti Portrush, eré a máa kọjá kìlómítà 320 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá ń sá eré yẹn láti Èkó kò ní lo ìdajì wákàtí kó tó wọ Ìbàdàn. Ní erékùṣù Isle of Man, níbi tí ìdíje TT ti bẹ̀rẹ̀ ní 1907, ìyípo kan ju kìlómítà 60 lọ: ó gba inú abúlé kọjá, ó gun òkè, ògiri olókùúta, òpó iná àti igi sì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì. Àwọn tí ọ̀nà òkè yìí ti pa láti 1911 lé ní 260.

Joey Dunlop ni ẹṣin iwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló gba TT. Ó ń ta ọtí ní Ballymoney, ariwo àti òkìkí kò jọ ọ́ lójú, òun fúnra rẹ̀ a sì máa di ẹrù sínú ọkọ̀, á wà á dé Romania àti Bosnia fún àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ní June 2000, lẹ́ni ọdún 48, ó gba TT mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní 2 July, ní Tallinn ní ilẹ̀ Estonia, òjò ń rọ̀, alùpùpù kékeré 125cc ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó yà kúrò lójú ọ̀nà, ó kọlu igi. Ibẹ̀ ló kú sí.

Robert àbúrò rẹ̀ ti rí tirẹ̀ ṣáájú. Ní 1994, wíìlì ẹ̀yìn fọ́ lábẹ́ rẹ̀ ní Isle of Man, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò. Wọ́n gbé bíréèkì iwájú lọ sọ́wọ́ òsì fún un, ó tún gùn ún lọ. Ní 15 May 2008, nígbà tó ń dánra wò fún North West 200, ẹ́ńjìnnì gan mọ́ ọn lábẹ́ lórí eré, ó sì kú.

Àwọn ọmọ rẹ̀, William àti Michael, ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje 250cc tó ń dánra wò fún yẹn gan-an, ọjọ́ méjì péré ló sì kù. Àwọn aláṣẹ ò fẹ́ kí wọ́n gùn. Wọ́n gbé alùpùpù wọn wá. Ti William kọṣẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ló bá ku Michael nìkan, ọmọ ọdún 19, tí wọn ò tíì sin bàbá rẹ̀. Òun ló gbégbá orókè. Bó ṣe gúnlẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Ó yá ẹni lára láti sọ pé ọmọ yìí ò gbọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Òwe kòtò gbà pé kòtò wà lójú kan, pé ẹni tó bá mọ ibi tó wà lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kòtò ti ìdílé yìí kì í dúró. Òjò ni fún Joey, wíìlì ni fún Robert ní 1994, ẹ́ńjìnnì ni ní 2008. Kí ni Michael ìbá rí kọ́ níbẹ̀? Kò yé bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù ni? Ó yé e yékéyéké: ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti borí ní North West 200. Eré sísá yẹn lọmọ ti ń wò láti kékeré, ìṣubú ọjọ́ kan kò sì tó pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹnì kan kọ́gbọ́n o. Ní 1972, òjò pa Gilberto Parlotti, ará Ítálì, ní Isle of Man. Giacomo Agostini, ọmọ ilẹ̀ Ítálì bíi tirẹ̀, tó ti gba TT mẹ́wàá, sọ pé òun ò ní sáré níbẹ̀ mọ́, kò sì sá a mọ́. Àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká mìíràn tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 1976, ìdíje TT wà nínú ìdíje àgbáyé fún ìgbà ìkẹyìn. Ẹṣin iwájú náà ni Agostini. Ó yà, àwọn kan yà. Ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n là fún eré ìje náà ò dá ẹ̀mí sí: Hitting the Apex, fíìmù Mark Neale ti 2015, sọ nípa Marco Simoncelli tó kú ní Sepang ní Malaysia ní 2011, ó ṣubú, alùpùpù tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbá a. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bọ̀ yẹn ni Valentino Rossi, ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀sùn kan ni mo ní sí àwọn fíìmù yìí: eré ni wọ́n ń tà. TT3D: Closer to the Edge, tó jáde ní 2011, mú iná tó sọ nígbà tí Guy Martin, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré níbẹ̀, ṣubú dùn-ún wò. Ẹni tó gba fíìmù náà lọ́wọ́ ọjà ni ìyàwó Paul Dobbs, ará New Zealand tí ìdíje 2010 pa. Ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì bá ìdíje náà jà. Bí mo bá wò ó tán, obìnrin yẹn ni mo máa ń rántí.

Nígbà tí Road parí, William ṣì ń gùn. Ó kú ní 7 July 2018, níbi ìdánrawò ìdíje Skerries ní Ireland. Michael kò dáwọ́ dúró. Ní 2024 ó ré TT 26 tí Joey gbà kọjá, nígbà tó fi di 2025 ó ti di 33, fíìmù tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ṣe nípa ìdílé yìí báyìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.